Àbàwọ́n Ara Ẹ̀wù Ràṣídì

Bàámi, ẹni tí mo ń pè tí kì í dá mi lóhùn mọ́,

Ọ̀rọ̀ náà ti wá ń rọlẹ̀ báyìí tí mo ń kọ eléyìí. Láti ọjọ́ tí àwọn ọlọ́pàá ti mú Ràṣídì àbúrò mi ni mo ti fẹ́ kọ̀wé sí yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbà á. Màámi ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ayé da ẹni tó ń sinmi láàmú. Ta ni mo wá fẹ́ sọ ọ́ fún? Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ sì fi gbogbo ọjọ́ ayé yín dúró nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù ní odò ẹran Oko Ọba, tí ẹ ò jẹ́ kí ẹ̀kán kan wọ yàrá wa rí. Ẹ̀yìnkùlé lẹ ti máa ń bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ ó gbọ́ òórùn ìka yín wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, kí ẹ tó gbé èyíkéyìí nínú àwa ọmọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ni gbogbo bàbá máa ń ní.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, nǹkan ò rọgbọ. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ṣọ́jà gbé dé, ti fọ́ ìlú. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìkẹjà ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń ra ẹran lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ owó oṣù, pọ̀nmọ́ ni wọ́n ń béèrè báyìí. Èmi ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifákò. Ràṣídì ń bá iṣẹ́ yín lọ ní Oko Ọba, àmọ́ kì í ṣe lórí pèpéle yín.

Ẹ rántí Kàmọ́rù, ọmọ iṣẹ́ yín tó gba ìyọ̀ǹda kí n tó lọ sílé ọkọ. Kò tíì pẹ́ tí a sin yín tó gbé ẹran rẹ̀ ka orí pèpéle yín. Ó ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi lé òun lọ́wọ́ lórí àìsàn. Ràṣídì ní irọ́ ni. Bàámi, ṣé ẹ fún un lóòótọ́? Ẹ ì bá ti sọ fún ẹnì kan nínú wa. Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn títí di ọjọ́ kan tí Ràṣídì bínú, tó na ọ̀bẹ sí Kàmọ́rù lójú gbogbo alápatà, tó ní:

“Tẹ́ ẹ bá tún gbẹ́ran lé pèpéle bàbá mi, ẹ̀jẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀!”

Ẹ mọ bí ọmọ yín ṣe rí. Ẹnu rẹ̀ gbóná, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Kò lu ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbọ́ ohun tó sọ.

Lẹ́yìn náà ni rògbòdìyàn ìbò dé. Ìbò ààrẹ tí a dì, tí kálukú ti mọ ẹni tó wọlé, ni àwọn ṣọ́jà dédé fagi lé. Àwọn ọ̀dọ́ sun táyà kárí Agége, ọjà ò ná, ọ̀nà di. Ní ọ̀sán gangan la gbọ́ ìbọn. Èmi àti àwọn ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Mo ń ronú Màámi, mo ń ronú Ràṣídì, kò sí bí mo ṣe lè débẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí òkú Kàmọ́rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gún un, kì í ṣe ìbọn. Àpò owó tó máa ń so mọ́ ìbàdí kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Kò sí ẹni tí àwọn ọlọ́pàá bi léèrè tí kò dárúkọ Ràṣídì. Wọ́n wá sílé yín lówùúrọ̀, Màámi ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́. Wọ́n tú yàrá rẹ̀. Abẹ́ ibùsùn ni wọ́n ti fa ẹ̀wù kan jáde, ẹ̀wù funfun tó rán fún ọdún Iléyá, tí kì í wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yìn ẹ̀wù náà ti gan, ó ti dúdú, láti ọrùn dé ìdí. Ẹ̀jẹ̀ ni látòkè délẹ̀.

Nígbà tí mo dé àgọ́ ọlọ́pàá, Ràṣídì jókòó sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, kò ní bàtà lẹ́sẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ tí wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́ jẹ́ ọkùnrin àgbà kan tí ohùn Èkìtì kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kì í pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní kí wọ́n mú Ràṣídì wá síwájú mi, ó wá béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i:

“Ẹ̀jẹ̀ kí ni?”

“Ẹ̀jẹ̀ màlúù ni, sà. Alápatà ni mí.”

“Màlúù wo? Lọ́jọ́ tí gbogbo Agége ti ilẹ̀kùn, tí ẹyọ màlúù kan ò kú ní Oko Ọba?”

“Ó ti pẹ́ lára ẹ̀wù náà, sà.”

“Ẹ̀wù Iléyá lo wọ̀ pa màlúù?”

Ràṣídì wolẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mú un padà ni Sìkírá, ìyàwó Kàmọ́rù, já wọlé. Ìbòrí rẹ̀ ti bọ́ sọ́rùn. Àwọn ọlọ́pàá méjì ló dì í mú.

“Ràṣídì! O jẹun nílé mi! O jẹun nílé mi, o lọ gún ọkọ mi bí ẹran! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o rí ìtẹ́lọ́rùn láyé!”

Màámi, tí a jọ lọ, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bo ojú. Mo fẹ́ dìde lọ dì mọ́ Sìkírá, mo tún fẹ́ bo Ràṣídì mọ́lẹ̀. N kò lè ṣe èyíkéyìí.

Inspẹ́kítọ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní nítorí àpò Kàmọ́rù tó sọnù, wọn ò ní pè é ní ìpànìyàn lásán, olè pẹ̀lú ohun ìjà ni wọn ó pè é. Ilé ẹjọ́ tí àwọn ṣọ́jà gbé kalẹ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí pé a ń pẹjọ́ lọ síbòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bàámi, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń parí ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń pa rédíò tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tí wọ́n yìnbọn pa létí òkun.

“Ẹ̀wù yẹn nìkan tó wọn,” ó ní. “Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ fi ẹ̀wù tí mi ò mọ ohun tó wà lára ẹ̀ pa ọmọ ẹni. Wọ́n ní ibì kan tí wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wò. Tíṣà, ọkọ̀ wa ò ní epo. Ẹ bá wa wá ọkọ̀.”

Mo wò ó, mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Èmi ẹ̀gbọ́n ẹni tí wọ́n mú ni kí n wá ọkọ̀ tí yóò gbé ẹ̀rí lọ síbi tí wọ́n ti máa mọ̀ bóyá kí wọ́n yìn ín níbọn. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá wá a, ẹ̀wù á jókòó síbẹ̀, ilé ẹjọ́ ṣọ́jà á wò ó lójú lásán. Ràṣídì sì ní ti màlúù ni. Ọmọ tí mo pọ̀n. Mo ní tó bá jẹ́ ti màlúù, kí wọ́n tètè yẹ̀ ẹ́ wò. Mo lọ bẹ bàbá oní-takisí kan ní àdúgbò wa tó ti ń tọ́jú ìwọ̀nba epo tó rí rà lẹ́yìn ìlà gígùn. Ó wò mí lójú, ó gbé kọ́kọ́rọ́.

Èmi àti Inspẹ́kítọ̀ la jókòó sẹ́yìn. Àpò bébà ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lẹ̀ pa wà láàárín wa. Nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, àpò náà á sún wá síhà ọ̀dọ̀ mi, èmi náà á yẹ̀. Ní ojú ọ̀nà tí àwọn ṣọ́jà dí, ọ̀kan nínú wọn bẹ ojú wolé, ó fi ẹnu ìbọn tọ́ka sí àpò. Inspẹ́kítọ̀ fi káàdì rẹ̀ hàn án. Ṣọ́jà náà ò wo káàdì, èmi ló ń wò. Nígbà tó yá, ó jẹ́ ká kọjá.

Nígbà tí a dé ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ wa. Ó wọ ẹ̀wù funfun, awò ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Mo pè é ní dókítà, ó ní òun kì í wo aláìsàn, ẹ̀jẹ̀ nìkan lòun ń wò. Kò síná. Inú kúlà tó kún fún yìnyín ló ti ń mú àwọn ìgò kéékèèké jáde, tó ń yára dé e padà. Ó ní tí yìnyín bá yọ́, oògùn inú wọn á bàjẹ́, kò sì mọ ìgbà tí òun tún máa rí òmíràn, nítorí òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, náírà ò sì jámọ́ nǹkan mọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n dúró. Ó wo Inspẹ́kítọ̀, ìyẹn mi orí. Ó ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Bàámi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa ṣàlàyé nǹkan fún yín. Ó gé fọ́nrán díẹ̀ lára ibi tí àbàwọ́n náà ti nípọn jù, ó rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀. Ó wá mú oògùn kan tí wọ́n ti ara ehoro yọ. Wọ́n á ti kọ́kọ́ gún ehoro náà ní abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nínú, kí ara rẹ̀ lè kọ́ bí yóò ṣe máa bá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jà. Tí wọ́n bá da omi ara ẹ̀wù lé oògùn náà jẹ́jẹ́ nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, wọ́n á rí ìlà funfun bí èéfín níbi tí méjèèjì ti pàdé. Tó bá jẹ́ ti màlúù tàbí ti àgbò, omi á mọ́ gaara. Ó to ìgò mẹ́ta síra. Nínú ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó dá lójú. Nínú ìkejì, ti màlúù. Èyí tó wà láàárín ni ti Ràṣídì.

Mo gbàdúrà bí mi ò ṣe gbàdúrà rí. Mo ń wo ìgò ti màlúù, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí àárín jọ ọ́.

Kò jọ ọ́. Ìlà funfun náà yọ díẹ̀díẹ̀, bí ìkùukùu, ní àárín ìgò ti Ràṣídì. Obìnrin náà gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó tún wò ó, ó ní:

“Ènìyàn ni.”

Mi ò mọ bí mo ṣe jókòó sílẹ̀. Mo kàn rí i pé sìmẹ́ńtì tutù lábẹ́ mi, Inspẹ́kítọ̀ sì di apá mi mú.

Obìnrin yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní òun ò tíì parí. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ò dọ́gba, àwọn kan jẹ́ O, àwọn kan A, àwọn kan B. Òun lè wá a nínú àbàwọ́n gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, ó sì yẹ kí wọ́n mú díẹ̀ wá nínú ẹ̀jẹ̀ òkú Kàmọ́rù àti ti Ràṣídì.

“Ẹ fi èyí sọ́kàn,” ó ní. “Ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé òun kì í ṣe ti ẹni báyìí. Kò lè búra pé ti ẹni báyìí lòun. Tó bá sì bá ti olóògbé mu, mi ò ní lè ràn yín lọ́wọ́. O ló pọ̀ jù láàárín wa.”

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n jẹ́ kí n rí Ràṣídì. Èèpo ẹnu rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ kan ti wú pa. Mi ò kí i.

“Ràṣídì, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni.”

Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

“Mo fi ọwọ́ ara mi wá ọkọ̀ tó gbé e lọ, nítorí o ní ti màlúù ni! Ta lo pa?”

Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Ó wá sún mọ́ irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹ̀mí. Ó ní lọ́jọ́ ìbọn yẹn, òun wọ ẹ̀wù Iléyá láti lọ kí ìyàwó ojú ọ̀nà òun, òun ò mọ̀ pé nǹkan ti le tó bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ṣọ́jà ṣe yìnbọn ni gbogbo èèyàn fọ́n ká. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣubú síwájú òun, ọta ìbọn ti gba èjìká rẹ̀ kọjá.

“Ó ń pè mí ní ‘ẹ̀gbọ́n’, Àǹtí mi. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo gbé e pọ̀n. Mo ń sáré, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń dà sí mi lẹ́yìn. Ilé Màmá Nọ́ọ̀sì ní Ifákò ni mo gbé e lọ.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún wọn?”

“Àwọn ṣọ́jà ń wọ ilé ìwòsàn kiri, wọ́n ń kó àwọn tọ́ta bà. Tí mo bá dárúkọ ẹ̀, wọ́n á lọ gbé e. Mo ti fi Kùránì búra fún ìyá ẹ̀.”

“Wọ́n máa yìnbọn pa ẹ́ o, Ràṣídì!”

“Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n lè má gbà mí gbọ́ náà. Á wá di òkú méjì.”

Bàámi, mo wo ojú rẹ̀ tó wú náà, mo ń wá ọmọ tí mo pọ̀n. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí mo jáde sójú títì, mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Nígbà tí mo délé, mo tún gbà á gbọ́. Ṣé bí ọkàn obìnrin ṣe rí nìyí ni àbí èmi nìkan? Mi ò sọ fún Màámi. Mi ò lọ sílé Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá débẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò mọ ẹni tí mò ń sọ.

Ìdúró èsì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mò ń kọ O sójú pátákó, ọwọ́ mi á dúró. Wọ́n yọ ẹ̀jẹ̀ Ràṣídì, O ni. Wọ́n mú ti Kàmọ́rù wá láti ilé òkú. Òun náà, O ni. Màámi ní kí ló dé tí mò ń sunkún lórí oúnjẹ, mo ní ata ni.

Inspẹ́kítọ̀ ló ránṣẹ́ pè mí. Kò jẹ́ kí n jókòó tán.

“B ni,” ó ní. “Ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀wù yẹn, B ni. Kì í ṣe ti Kàmọ́rù.”

Mo kúnlẹ̀. Mo fi orí kan ilẹ̀. Ó ní kí n dìde, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

“Kì í ṣe ti Kàmọ́rù, kì í ṣe ti Ràṣídì. Ta ló wá ni ín? Èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ tó tó báyẹn bá dà lára ẹ̀, níbo ló wà? Ọ̀gá mi ní òkú kejì wà níbì kan tí a ò tíì rí. Ó fẹ́ kí n gbé ẹjọ́ náà lọ sílé ẹjọ́ ṣọ́jà bẹ́ẹ̀. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá mọ nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ kó tó bọ́ lọ́wọ́ mi.”

Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n mo rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá ni. Níwájú àgọ́ yẹn gan-an, mọ́tò àwọn ṣọ́jà wà níbẹ̀, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ọjọ́ rògbòdìyàn. Mo ní kó fún mi láyè. Ilé Màmá Nọ́ọ̀sì ni mo gbà lọ tààrà.

Ẹ mọ Màmá Nọ́ọ̀sì, òun ló gbẹ̀bí Ràṣídì. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, kò béèrè ohun tí mo bá wá. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà lórí ẹní, báńdéèjì dì í láti ọrùn dé abíyá. Dayọ̀ lorúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo sunkún nígbà tí mo rí i. Ẹ má bínú, Bàámi, ayọ̀ ni mo fi rí ọgbẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Dayọ̀ ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

“Kò ní lọ. Ẹ dákun, òun nìkan ni mo bí. Àwọn tó yìn ín níbọn lẹ ní kó lọ bá?”

Mi ò lè bẹ̀ ẹ́. Pé kó fi tirẹ̀ gba tèmi? Mo ti ń yíjú padà kí n tó gbọ́ ohùn Dayọ̀.

“Màámi, ẹ̀yin lẹ bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Ràṣídì ni mo gùn débí. Ẹ gbé mi dìde.”

A fi ìbora bò ó léjìká bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bàbá oní-takisí yẹn náà ló tún gbé wa. Nígbà tí a dé àgọ́, àwọn ṣọ́jà mẹ́rin jókòó sórí mọ́tò wọn, wọ́n ń jẹ àgbàdo. A ní láti gba iwájú wọn kọjá. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, mo di ìkejì. Mo gbọ́ tí ọ̀kan béèrè pé kí ló ṣe é. Ìyá rẹ̀ ní ibà ni, kò wẹ̀yìn.

Inspẹ́kítọ̀ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó béèrè orúkọ Dayọ̀ àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó sọ fún Dayọ̀ kó ṣí èjìká. Màmá Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi bí mo ṣe máa tú báńdéèjì náà, mo tú u jẹ́jẹ́. Inspẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wo iwájú, ó lọ wo ẹ̀yìn. Ibi tí ọta wọlé kéré, ibi tó gbà jáde ló fẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá tí kò ní mọ̀ pé ìbọn ni. Ẹ̀rín àwọn ṣọ́jà ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ìyá Dayọ̀ ń gbàdúrà láìlanu.

Inspẹ́kítọ̀ wá nàró, ó yọ fìlà rẹ̀, ó tún dé e.

“Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yín ló ṣe ọ́ báyìí, àbí?”

Dayọ̀ wò mí. Ó wo ìyá rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀rọ ni.”

“Àwọn ẹ̀rọ Ìkẹjà yìí,” ni Inspẹ́kítọ̀ wí. Ó mi orí. “Wọ́n ti ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe jù.”

Ó gbé e lọ síbi àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn la gbà. B ni ẹ̀jẹ̀ Dayọ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn ní òun ò ní búra pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà lára ẹ̀wù, pé ó lè jẹ́ tirẹ̀, àti pé ohun tó dá òun lójú ni pé kì í ṣe ti Kàmọ́rù. Ìyẹn tó. Wọ́n tú Ràṣídì sílẹ̀. Dayọ̀ àti ìyá rẹ̀ ti gba Èkìtì lọ kí Ràṣídì tó délé.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí, Bàámi. Ẹ̀jẹ̀ dá a láre lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kò dá a láre ní Oko Ọba. Tó bá dé ibẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sún kúrò. Wọ́n á kí i tán, wọ́n á gbé ọ̀bẹ wọn kúrò nítòsí rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń gba iwájú ẹran rẹ̀ kọjá. Kò sì lè ṣàlàyé, nítorí kò lè dárúkọ ẹni tó gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílé. Màámi á gbé oúnjẹ fún un, á tún gbé e kúrò bó ṣe wà. Ta ló sì pa Kàmọ́rù? Títí di òní a ò mọ̀. Inspẹ́kítọ̀ ní àwọn jàǹdùkú ló fi rògbòdìyàn bojú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àdúrà ogójì ọjọ́ Kàmọ́rù ku ọ̀la, Sìkírá wá sílé yín. Òun nìkan ló wá. Màámi fẹ́ gbé àga fún un, ó ní òun ò jókòó. Ó dúró níwájú Ràṣídì.

“Ọlọ́pàá ti wá bá mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀wù ẹ kì í ṣe ti bàbá àwọn ọmọ mi. Èmi ò mọ̀wé ẹ̀jẹ̀. Ẹnu ẹ ni mo fẹ́ gbọ́.”

Ràṣídì kúrò lórí ibùsùn, ó dọ̀bálẹ̀.

“Àǹtí Sìkírá, mo bá Bọ̀dá Kàmọ́rù jà. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí wọn. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tí wọ́n ṣe léṣe ni mo gbé pọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè dárúkọ ẹ̀ fún yín.”

“Ó yè é?”

“Ó yè é, mà.”

Sìkírá wo ẹ̀yìn ọrùn Ràṣídì bó ṣe nà sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń wá. Màámi ti mú etí aṣọ rẹ̀ bọ ẹnu.

“Gbogbo alápatà Oko Ọba ló ń bọ̀ lọ́la,” Sìkírá ní. “Wọ́n ti ń bi mí pé ta ló máa dú màlúù. Ìwọ ni.”

Ó yíjú, ó lọ. Kò dágbére.

Òní ni a ṣe àdúrà náà. Mo ń kọ̀wé yìí kí n tó bọ́ aṣọ tí mo wọ̀ lọ. Àgbàlá ilé Kàmọ́rù kún, àwọn alápatà tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n de màlúù náà, wọ́n dà á dùbúlẹ̀, wọ́n kọ orí rẹ̀ sí gábàsì. Ràṣídì jáde síwájú. Sìkírá wá dúró níbi tí obìnrin kì í dúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, lójú gbogbo wọn. Ràṣídì ní “Bísímílà, Àláhù Àkíbárù,” ó fa ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ó ta sí etí ìró Sìkírá. Gbogbo wa rí i. Kò sún sẹ́yìn, kò wo ìró náà. Ó kọjú sí àwọn alápatà tó tò síbẹ̀, ó ní:

“Ẹ bá a kun ún. Ṣé òun nìkan ló máa ṣe é ni?”

Ọ̀kan bọ́ síwájú, ó ká apá ẹ̀wù. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Ẹ sùn re, Bàámi. Èmi àkọ́bí yín tó ń ṣàárò yín ló kọ ọ́, mo sì fẹ́ràn yín títí di ọjọ́ tí a ó tún ríra.